Odò Kò Dá Ilé Lóhùn

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹrin, 2023

Boma ti pinnu, kò sì sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi láti Iwofe níbí lọ sí Bakana, ìlú tó wà lódìkejì odò, lójoojúmọ́. Wọ́n fi í ṣe adelé ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Wọ́n ní bí sáà kẹta yìí bá parí láìsí wàhálà, ipò náà di tirẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì tíì jókòó sórí àga ọ̀gá rí. Mo mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe fà sí i tó.

Ṣùgbọ́n omi ni omi ń jẹ́. Èmi tí mo ṣe Kọ́sítọ́ọ̀mù títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí wọ́n ń gbé gba orí odò yẹn, mo sì mọ irú èèyàn tó ń gbé e. Mo ní mi ò ní dí i lọ́nà, àmọ́ nígbàkígbà tó bá wà lórí omi, mo gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Fóònù kì í mú nǹkan kan bí ọkọ̀ bá ti fi èbúté sílẹ̀. Ó ní ṣé lójú àlá ni màá ti máa gbọ́ òun ni? Mo ní woki-toki la máa rà. Bí mo bá bi í ní ọ̀rọ̀ lórí omi tí mi ò gbọ́ èsì, iṣẹ́ náà parí nìyẹn, kó máa bọ̀ nílé.

"Daddy Kíkẹ́, mo ti gbọ́," ló wí.

Ó yára gbà jù. Ní ibodè, ẹni tó bá ní "ọ̀gá, ẹ wo ibi tó bá wù yín" la kọ́kọ́ ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 29/4

Mo lọ ra woki-toki méjì ní ọjà Mile One. Múrítàlá ló tà á fún mi, ọmọ Ìwó tí wọ́n bí sí Diobu, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò tó ìdajì. Mo ná an lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí n gbé e. Ọjà wo ni wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kan tí ọlọ́jà á ní ó yá? Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, mo yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́, mi ò rí ohun tó fi pa mọ́ síbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. "Bàbá, no press am if antenna never dey o, e go burn. When dem dey pour fuel for boat, make madam off am. Two of una must dey the same channel. Tie am for nylon make water no enter." Ìyẹn dáa, mo fi sọ́kàn. Mo bi í bóyá ẹlòmíràn lè gbọ́ wa. "Anybody wey get him own, sir, if e dey that channel. Make una no call name, make una no talk money matter." Mo ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó wá fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn mí ni inú bí mi. "When you press this side, sir, you go talk, then you go..." Mo ní kó dákẹ́. Ọmọ àná! Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi kan ló ń gbé woki-toki tẹ̀lé mi kiri. Á tẹ̀ ẹ́, á nà án sí mi lẹ́nu, èmi á sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Mo ti ń fi ẹ̀rọ yìí pàṣẹ kí wọ́n tó sọ Múrítàlá lórúkọ.

Ajé, 1/5

Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́. Òjò àkọ́kọ́ tó ní láárí rọ̀ láàárọ̀. Mo de ẹ́ríálì méjèèjì mọ́ orí wọn kí n tó tan nǹkan kan. Bátìrì gba iná títí tí iná pupa ìdí rẹ̀ fi di aláwọ̀ ewé, NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀. A fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ: èmi ni Ilé, òun ni Odò.

A dán an wò. Boma dúró nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, èmi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí a ti ń wo odò. "Ilé, Ilé, Odò ni o. Over." Ó mọ́ gaara! Mo yọrí lójú fèrèsé, mo pariwo pé mo gbọ́. Èmi náà tẹ tèmi, mo sọ̀rọ̀, ó juwọ́ sí mi pé òun gbọ́. Kí ló tún kù?

Nírọ̀lẹ́ mo gbé méjèèjì lọ sí èbúté, mo fi wọ́n han àwọn ọmọ ogun ojú omi tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìfẹ̀yìntì mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí woki-toki lọ́wọ́ ìyàwó mi kó ní alamí àwọn jàgùdà orí omi ni. Ọ̀gá wọn ní ṣé mo ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Mo ní mo ti bẹ̀rẹ̀. (Ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀.)

Níbẹ̀ ni alága àwọn awakọ̀ ojú omi ti wá bá mi, ọkùnrin gíga kan báyìí tó ń jẹ́ Tamunotonye, tó gbọ́ Yorùbá bí kì í tilẹ̀ sọ ọ́. Òun náà ní woki-toki tirẹ̀. "Oga, I go put my own for una channel. If anything happen for water, I go hear madam." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kí ló kàn án nínú ohùn ìyàwó mi?

Ìṣẹ́gun, 2/5

Odò pè láàárọ̀ kùtù: "Ilé, mo ti wọ ọkọ̀, mo ti wọ jákẹ́ẹ̀tì omi. Over." Inú mi dùn bíi ti ọmọdé. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kí i bó ṣe yẹ kí a kí èèyàn: ẹ kú orí omi, ẹ kú òtútù àárọ̀ yìí, Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀. Mo wá béèrè: èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀? Ta ló ń wà á?

Mo dúró. Ìyá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá kí èèyàn kì í yọwọ́ kó tó gba èsì. Bí èèyàn bá bọ ẹnìkejì lọ́wọ́, ṣé á já ọwọ́ rẹ̀ gbà kí onítọ̀hún tó dáhùn ni? Mo di bọ́tìnnì náà mú ṣinṣin, mo ń retí. Kò sí nǹkan kan. Mo tún béèrè. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́wọ́ mi. Lójijì ló ké pìì! Díẹ̀ ló kù kí n jù ú sílẹ̀.

Nígbà tó dé, mo bi í ìdí tí kò fi dá mi lóhùn. Ó ní òun dáhùn. "Mo ní a jẹ́ mẹ́jọ. I answer you well well." Mo wo ojú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Ọjọ́rú, 3/5

Bákan náà. Bó bá pè mí, mo ń gbọ́ ọ ketekete. Bí mo bá ti béèrè ọ̀rọ̀, Odò di odi.

Ẹtì, 12/5

Mo ti rí i báyìí pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í yan ọ̀rọ̀ tó máa gbé. "Mo ti wọ ọkọ̀" ń wọlé. "Mo ti gúnlẹ̀" ń wọlé. "Ta ló jókòó tì ọ́" ni kì í rí èsì gbà. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún mi.

Igbe pìì yẹn tún wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá ti béèrè tí mo sì ń dúró ló máa ń ké, kò ké nígbà tí Boma bá ń pè rí. Ẹnì kan ló ń já wọ ọ̀nà wa láti gbọ́ ohun tí à ń sọ, ìyẹn dá mi lójú. Múrítàlá ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí bó ṣe yára tà á. Mi ò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀. A kì í mú ẹ̀sùn olè lọ bá olè.

Mo lè fòpin sí ìrìn àjò yìí lónìí, àdéhùn ni àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mú èèyàn pẹ̀lú ẹrù kì í pariwo. Ìfura loògùn àgbà.

Ìṣẹ́gun, 16/5

Mo gbọ́ ọ! Mi ò yá etí ẹlòmíràn lò. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ lórí omi lọ́sàn-án, kò dáhùn, ẹ̀rọ ké pìì, mo gbé àtàǹpàkò mi kúrò kí n lè nu òógùn. Ohùn ọkùnrin ló jáde: "...leave am, madam. Na so e dey do."

Tamunotonye ni. Leave am. Ta ni "am"? Mi ò lè jẹun.

Ẹtì, 19/5

Ilé wa gbóná. Boma gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó jókòó síwájú mi, ó ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ woki-toki. Ó ní, "Tamunotonye talk say the way you dey hold am..."

Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní kó má dárúkọ ọkùnrin yẹn nínú ilé mi mọ́ láé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wí." Mo ní mo ti gbọ́ ohun tó wí, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó dáa." Ó kó àwo. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bá a nílé.

Ọjọ́bọ̀, 1/6

Epo bẹntiróòlù ti di àwátì láti ọjọ́ Ajé tí ìjọba ti ní kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Ilé epo tó wà ní ìkóríta ń tà á ní iye tí mi ò lè kọ síbí láìbú èèyàn. Owó ọkọ̀ omi fò sókè. Boma ní àwọn awakọ̀ kan ti ń ra epo kpo-fire, èyí tí wọ́n ń sè nínú igbó, pé ó ń mú ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Mo ní ta ló sọ fún un. Mo mọ ẹni tó sọ fún un.

Òjò. Odò kún dé ìdí igi àgbọn tó wà létí èbúté.

Ọjọ́bọ̀, 8/6

Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa.

Láti àárọ̀ ni ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ń sọ lójú pópó pé ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé lọ́nà Degema lánàá, ẹnì kan ní èèyàn méjì kú, ẹlòmíràn ní kò sí ẹni tó kú. Nígbà tí Odò pè lọ́sàn-án pé àwọn ti ń bọ̀, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ti Tamunotonye nìkan. Mo ń rí i nínú omi. Mo ń rí ìró rẹ̀ tó léfòó. Ọdún wo ni mo máa wá lò láyé lẹ́yìn Boma?

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbàgbé Ilé, mo gbàgbé Odò, mo pè é lórúkọ. Mo ní, "Boma, bí mo bá ní kí o fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé, ṣé wàá gbà?"

Mo di bọ́tìnnì mú, mo dúró. Mi ò fi ọ̀rọ̀ míì kún un. Mo gbọ́ èémí ara mi. Mo gbọ́ àwọn adìẹ aládùúgbò. Ó ké pìì, mo yọ ọwọ́, ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo bá: "...over." Ohùn rẹ̀ tutù. Bí ẹni tó ti parí nǹkan.

Kò dáhùn. Kò kọ̀, kò gbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ọ̀nà kan sílẹ̀ nítorí ohun tó wà níbẹ̀ ni kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Mo sì pa á.

Ó wọlé nírọ̀lẹ́, ó se ọbẹ̀ ìsáwùrù tí mo fẹ́ràn, ó jókòó tì mí. Ó ń wò mí lójú bí ẹni tó ń retí pé kí n sọ nǹkan. Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá jẹ̀bi ni ọbẹ̀ máa ń dùn lọ́wọ́ rẹ̀ báyẹn.

Ìṣẹ́gun, 13/6

Mo lọ bá Adédàpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ó ti pẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín olùkọ́ káàkiri. Mo ní kó bá mi yọ ìyàwó mi kúrò ní Bakana, kó fún un ní iṣẹ́ ọ́fíìsì láàárín ìgboro.

"Ṣé màdámú mọ̀ sí i?" ló bi mí.

"Ire rẹ̀ ni mò ń wá."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn, Akínọlá."

Mo ní mo wá bá ọ̀rẹ́ mi ni, mi ò wá bá adájọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á wo ohun tí òun lè ṣe. Nígbà tí mo jáde, ara mi fúyẹ́. Boma ò ní mọ ibi tó ti wá, á rò pé ìjọba ni.

Ọjọ́bọ̀, 22/6

Mo lọ fara pa mọ́ lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní èbúté láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Tamunotonye fa ọkọ̀ mọ́ra, ó na ọwọ́ fún Boma, ó na ọwọ́ fún àwọn olùkọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ fún ìyá arúgbó kan àti ewúrẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé mò ń wo òun. Kò sí ọkùnrin tó ń na ọwọ́ fún ewúrẹ́ láìnídìí.

Ẹtì, 30/6

Boma ní àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà òun yege gbogbo wọn. Ó ń kọrin nílé ìdáná. Mo ní mo kí wọn. Mo ń ronú Adédàpọ̀, kò tíì pè.

Ìṣẹ́gun, 4/7

Màá kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde. Mo wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mi ò rí odò mọ́, àfi funfun. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. "Ilé, Ilé. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Wọ́n ra epo burúkú sí i. Omi ń gbé wa lọ. Over."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run mi, mo tẹ̀ ẹ́. Níbo lẹ wà? Ṣé o wọ jákẹ́ẹ̀tì? Ta ló ra epo náà? Ṣé kì í ṣe pé mo ti sọ ọ́? Mo dì í mú, mo ń retí. Dáhùn! Lónìí nìkan, jọ̀ọ́, dáhùn! Níbo lẹ wà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ẹ̀rọ náà mọ́ ọwọ́. Kò sí èsì. Ó ké pìì, àtàǹpàkò mi yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ariwo ọkùnrin kan sì bú jáde.

"Oga! Comot hand! Comot your hand for that button! As you press am so, you no dey hear, me too I no dey hear! Since May you dey cover madam mouth! Make she talk!"

Mo ti ṣí ẹnu láti fún un ní èsì tó tọ́ sí i. Àtàǹpàkò mi ti ń padà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo wò ó. Mo gbé e kúrò, mo gbé ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ohùn Boma sì wọlé, odindi, kò gé. "Tamunotonye, Tamunotonye. A wà níbi ọkọ̀ ẹrù bájì tó rì, ní apá òsì bí a bá ń bọ̀ nílé. A ti so okùn mọ́ irin rẹ̀, okùn náà ti ń já. Omi ń wọ ọkọ̀. A jẹ́ mọ́kànlá yàtọ̀ sí awakọ̀. Gbogbo wa wọ jákẹ́ẹ̀tì. You hear me? Over."

"I hear you, madam. Tie another one. Use wrapper if rope no dey. Make nobody stand up. I dey come now now. Over."

"A ti ń so ó. Over."

Báyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan sọ tirẹ̀, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ìkejì sọ tirẹ̀. "Over" tí Boma fi ń parí ọ̀rọ̀, tí mo rò pé àṣà ọmọ sójà lásán ni, òun ni wọ́n fi ń sọ pé ó yá, ọ̀rọ̀ kàn ọ́. Nígbà tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ̀rọ ní ẹnu, kò ní etí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ tí mo ń retí èsì. Igbe pìì yẹn náà, kò sí ẹni tó já wọ ọ̀nà wa. Ẹ̀rọ ló ń sọ fún mi pé mo ti dì í mú pẹ́ jù.

Mo sáré nínú òjò lọ sí èbúté, mi ò wọ bàtà. Mo dúró láàárín àwọn ẹlẹ́ja, mo ń gbọ́ wọn lórí ẹ̀rọ, mi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ̀ Tamunotonye yọ nínú òjò tó ń fa èkejì lẹ́yìn, mo ka orí. Mọ́kànlá àti awakọ̀. Boma ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Kò ní ìró lára mọ́, àfi yẹ̀rì, ìró rẹ̀ ni wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ bájì.

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi bò ó. Tamunotonye ń fún omi jáde lára aṣọ rẹ̀. "Oga, madam no tell you? I tell am since make she tell you."

"Ó sọ fún mi," ni mo wí. "Èmi ni mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Ọjọ́rú, 5/7

Boma kò lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ara ń ro ó. Mo po tíì fún un. Lẹ́yìn náà mo bi í. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo bi í: ọjọ́ tí mo pè é lórúkọ lórí omi, tí mo ní ṣé á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ló sọ?

Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ ní 'ó dáa, mo ti gbọ́.' Mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo ní inú ló bí mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé kò dáhùn.

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín nítorí mi, màá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo ní kí ẹ sọ ọ́ fún mi nílé, kí n rí ojú yín. Mo dé, mo se ọbẹ̀, mo jókòó. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n."

Mo sunkún. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé mo sunkún. Nígbà tó yá, mo bi í: báyìí ńkọ́?

"Báyìí rárá o." Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, mo rí i. "Daddy Kíkẹ́, lánàá nígbà tí ọkọ̀ ń yí, gbogbo wọn ń pariwo, awakọ̀ gan-an ń sunkún. Èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó. Èmi ni mo bọ́ ìró mi so mọ́ irin. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni mí. Wọn ò lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́."

Ẹtì, 7/7

Adédàpọ̀ pè láàárọ̀. Inú rẹ̀ dùn fún mi. Ó ti jáde: Boma á kúrò ní Bakana, wọ́n á fi sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò pa mọ́ sí nígboro. Ọjọ́ Ajé ni ìwé rẹ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé. Wọ́n ti yan ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní ọ́fíìsì rẹ̀, èmi tí mo dé ilé ayé ṣáájú rẹ̀. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Akínọlá, a ti fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n fi sípò náà ti gba ìwé tirẹ̀. Mo bi ọ́ bóyá ìyàwó rẹ mọ̀ sí i."

Ó bi mí lóòótọ́.

Àìkú, 9/7

Boma fi gbogbo ọ̀sán lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn òbí lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí ẹnu. Lẹ́ẹ̀kan ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí.

Ajé, 10/7

Ó ti jáde kí n tó jí tán, tàbí kí n sọ òótọ́, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn. Mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òjò kò rọ̀, odò tẹ́ rẹrẹ. Mo rí ọkọ̀ wọn tó ń kúrò.

"Ilé, Ilé, Odò ni o. Mo ti wọ ọkọ̀, mo ti wọ jákẹ́ẹ̀tì. Oòrùn yọ lónìí o! Over."

Mo lè ní "mo gbọ́, ó dàbọ̀" kí n sì jẹ́ kí ìwé náà bá a ní Bakana níwájú àwọn òbí ọmọ. Ìwé náà kò ní orúkọ mi nínú. Adédàpọ̀ kò ní sọ. Kò sí ẹni tó máa fura sí mi.

Mo mọ̀ pé Tamunotonye wà lórí ọ̀nà yẹn, àti gbogbo èbúté pẹ̀lú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Odò, Ilé ni. Wọ́n máa fún ọ ní ìwé lónìí pé kí o kúrò níbẹ̀. Ìjọba kọ́ ló ṣe é. Èmi ni mo lọ bẹ Adédàpọ̀ ní oṣù tó kọjá, nígbà tí mo rò pé o kì í dá mi lóhùn. Mo ti gbìyànjú láti dá a padà, kò ṣeé ṣe. Èmi ni. Over."

Mo yọ ọwọ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé orí ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ó má bàa sí iyèméjì kankan, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ó pẹ́. Iná aláwọ̀ ewé orí ẹ̀rọ mi wá tàn, ìyẹn ni pé Boma ti tẹ tirẹ̀. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo gbọ́ omi tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan bi í pé "Madam, wetin happen?" Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, mo ń retí, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀, iná sì kú.